Ojú Bàbá Òrùlé

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú."

Ohùn Ẹlẹ́rọ ni, láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá. Ẹsẹ̀ Oníjígí lẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín pálọ̀. Ọ̀sán gangan ni. Ó ti fi kọ́kọ́rọ́ tí Ẹlẹ́rọ, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, fún un ṣílẹ̀kùn, ó ti bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà kó má baà dún, ó sì ń rẹ́rìn-ín wọlé bí ẹni tó fẹ́ dì mọ́ olólùfẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn kó tó mọ̀. Ẹ̀rín náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ kò mọ ibi tí yóò gbé e sí mọ́.

"Mo ti gbọ́," ni Ẹlẹ́rọ tún wí. "Ohun tí ẹ bá ní kí n ṣe náà ni n óò ṣe. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n sinmi díẹ̀ ná."

Ẹnikẹ́ni kò dáhùn, síbẹ̀ Ẹlẹ́rọ ń hùn bí ẹni tí wọ́n ń bá wí tó sì ń gbà pé òun jẹ̀bi.

Oníjígí kọ́kọ́ rò pé fóònù ni. Ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó rí fóònù ọkùnrin náà lórí tábìlì pẹ̀lú wáyà iná nídìí rẹ̀. Ta ni Ẹlẹ́rọ ń pè ní ẹ̀yin nínú yàrá tó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ra? Ẹlẹ́rọ kò mọ bàbá rẹ̀. Màmá rẹ̀ ti kú. Kò ní ẹ̀gbọ́n. Bí kì í bá ṣe èèyàn púpọ̀ ló wà níbẹ̀, a jẹ́ pé àgbà kan ni. Bó bá sì jẹ́ àgbà tó ń wọ yàrá ọkùnrin lọ́sàn-án, tí ọkùnrin ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bẹ̀ pé kó jẹ́ kí òun sinmi... Ọkàn Oníjígí ti ya obìnrin kan tán, láti orí dé ẹsẹ̀: olówó kan tó ti lé díẹ̀ lọ́jọ́ orí, tí lọ́fínńdà rẹ̀ máa ń wọlé ṣáájú rẹ̀.

Ó ti ilẹ̀kùn wọlé.

Ẹlẹ́rọ nìkan ló wà lórí ibùsùn. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún bí ọmọ iléèwé tí tíṣà pè síta. Fèrèsé wà ní títì. Oníjígí kò tijú, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ ibùsùn. Àpò iṣẹ́ kan ṣoṣo ló rí níbẹ̀.

Ẹlẹ́rọ bi í léèrè ohun tó ń wá. Oníjígí ní ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ni. Ẹlẹ́rọ ní àdúrà lòun ń gbà.

Oníjígí gbé ọwọ́ lé ìbàdí. "Àdúrà. Ọlọ́run ló wá di ẹ̀yin lónìí? Látọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́, 'Olúwa, o ṣeun' lo máa ń wí. Ta ló tún wá ju Ọlọ́run lọ tó wà nínú yàrá yìí?"

Ọkùnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ọ̀hún gbẹ lẹ́nu rẹ̀ kó tó jáde tán. Ó ní ó ti rẹ òun, pé iṣẹ́ ilé gíga máa ń mú kí orí èèyàn pòòyì. Oníjígí fi ẹnu gbà. Ọkàn rẹ̀ kò gbà rárá.

Ìdí káńtà ni ìfẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe jígí ojú ni Oníjígí ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń wọn ojú àwọn oníbàárà, òun náà ló ń lọ etí jígí lórí òkúta tó ń yí, títí yóò fi jókòó sínú férémù. Ẹlẹ́rọ wọlé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú gírísì lábẹ́ èékánná, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tún lífìtì ilé gíga ṣe. Jígí dúdú méjì ló fẹ́, kò fẹ́ férémù. Nígbà tí Oníjígí fi rúlà wọn àárín ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì, imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, àwọn méjèèjì sì gbàgbé láti mí. Ibẹ̀ ló ti rí i pé etí òsì ọkùnrin náà fi díẹ̀ ga ju tọ̀tún lọ. Ó ní bí òun bá gé méjèèjì dọ́gba, wọn yóò máa dagun lójú rẹ̀, ó sì bu kọ̀rọ̀ tín-ín-rín kan kúrò nísàlẹ̀ ti òsì.

"Ẹ ṣeun, mà," ni Ẹlẹ́rọ wí, ó tẹríba.

Oníjígí ní ta ni mà, ṣé òun ti hewú ni? Ọ̀rọ̀ di ẹ̀rín. Láti ọjọ́ náà, Ojú Mi ni Ẹlẹ́rọ ń pè é, òun náà ń pe ọkùnrin náà ní Elétí. Kò bi í rí pé kí ló fẹ́ fi jígí aláìníférémù ṣe. Ìfẹ́ ti bo ojú ẹni tó ń fi ojú ṣiṣẹ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni gbogbo ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo Bàbá Òrùlé. Ẹnì kan tó fi awọ bojú, tó ń fò láti orí ilé kan bọ́ sórí òmíràn, tí kì í já bọ́. Ó fọwọ́ gba ọmọ tó ré bọ́ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè kó tó kan ilẹ̀. Ó ká ìbọn mọ́ adigunjalè lọ́wọ́, ó tẹ̀ ẹ́ bí àbẹ́là. Àwọn èèyàn ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni, bàbá ni, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Bàbá. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ṣá, ọwọ́ rẹ̀ ti ń le. Wọ́n bá olè kan tí ó fi ẹsẹ̀ kan so rọ̀ sórí òpó iná, ọkùnrin náà kò sì tíì lè sọ orúkọ ara rẹ̀ títí di òní.

Àǹtí Káńtà, ìyẹn obìnrin àgbà tó ń gba oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù, kò rí ìyẹn bí nǹkan. Ó ní bí Bàbá Òrùlé bá lè fẹ́ òun, òun yóò máa gbé lórí páànù pẹ̀lú rẹ̀, ó ṣáà tó kó jẹ́ ọkùnrin tí kì í pẹ́ níta nítorí ọ̀nà tó dí.

Lọ́jọ́ kejì ọjọ́ tí Oníjígí gbọ́ ohùn nínú yàrá, ọlọ́dẹ ilé gíga kan wọ ṣọ́ọ̀bù. Ó tú áńkáṣífù lórí káńtà, ó ní kí wọ́n wo ohun tí òun rí lórí òrùlé àwọn, pé ojú Bàbá Òrùlé gan-an ni, ó já nígbà tó ń lé olè. Ó fẹ́ kí wọ́n bá òun fi etí sí i kí òun máa gbé e kọ́rùn. Àǹtí Káńtà ti na ọwọ́ sí i bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ tuntun.

Oníjígí kàn wò ó ni. Jígí dúdú kan, tó sán láàárín. Nísàlẹ̀ rẹ̀, kọ̀rọ̀ tín-ín-rín kan wà tí wọ́n bù kúrò.

Ó ní jọ̀wọ́, kí ọlọ́dẹ fi sílẹ̀ fún òun, ó sì ti mú un. Àǹtí Káńtà bi í pé ṣé kò sí wàhálà. Ó ní kò sí, ó bọ́ épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó jáde.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Ẹlẹ́rọ, kò kí i. Ó gbé jígí náà sórí tábìlì. Ẹlẹ́rọ wò ó. Kò sẹ́.

"Mo ti sọ fún wọn pé wàá mọ̀," ló wí. "Wọ́n ní kò séwu."

"Àwọn wo ni wọ́n? Èèyàn mélòó lẹ jẹ́?"

Ẹlẹ́rọ fa àpò iṣẹ́ jáde lábẹ́ ibùsùn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì mú nǹkan kan jáde nínú rẹ̀: awọ dúdú tí wọ́n gé bí ojú èèyàn, jígí kan lápá ọ̀tún, ihò gbayawu lápá òsì. Kò jù ú sórí ibùsùn. Ó gbé e sórí àga kan ṣoṣo tó wà nínú yàrá, ó mú un jókòó dáadáa, òun fúnra rẹ̀ sì wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tòótọ́ ba Oníjígí. Obìnrin olówó tó yà sọ́kàn ìbá sàn.

Ẹlẹ́rọ ròyìn gbogbo rẹ̀ láìgbójú sókè. Oníjígí mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé inú lífìtì ni màmá Ẹlẹ́rọ kú sí. Ohun tí kò mọ̀ ni pé Ẹlẹ́rọ fúnra rẹ̀ ti kìlọ̀ fún Onílé, ẹni tó ni ilé náà, pé okùn irin lífìtì náà ti gbó, Onílé sì ní kó má da òun láàmú. Ilé ẹjọ́ dá Onílé sílẹ̀, ó lọ sílé lọ jẹun. Láti ìgbà náà, Ẹlẹ́rọ kò lè wọ kòtò lífìtì láìgbọ̀n. Ó wá gé awọ lára épírọ́ọ̀nù iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ó fi bojú kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ má baà rí omijé rẹ̀. Bó ṣe fi bojú báyìí, ẹ̀rù lọ. Apá rẹ̀ gba agbára kan tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó fò láti òrùlé kan sí ìkejì, kò já bọ́.

"Èmi ni mò ń darí ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀," ló wí. "Àmọ́ gbogbo ìlú ń pè wọ́n ní Bàbá. Èmi náà bá wọn pè é. Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa pe Bàbá ní ìwọ? Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ fún wọn pé 'ẹ káàárọ̀,' wọ́n dá mi lóhùn."

Oníjígí wo àga. Awọ lásán ni. Kò gbọ́ nǹkan kan.

Ẹlẹ́rọ ní ọ̀la ni Onílé máa ṣí lífìtì tuntun ní ilé náà. Ó ní Bàbá ní kí àwọn gbé e lọ sí òrùlé, kí àwọn sì jù ú sílẹ̀, kó lè mọ bó ṣe rí lára màmá òun nígbà tí ilẹ̀ ń bọ̀.

"Ìwọ ńkọ́?" ni Oníjígí bi í. "Kí ni ìwọ fẹ́?"

Ẹlẹ́rọ kọ́kọ́ wo àga kó tó dáhùn. "Wọn ò tíì sọ ohun tí mo fẹ́ fún mi."

Oníjígí na ọwọ́ sí awọ náà. Kó tó kàn án, Ẹlẹ́rọ ti di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ìdìmú náà sì le bí irin. Nígbà tó rí ohun tí ọwọ́ ara rẹ̀ ń ṣe, ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó bú sẹ́kún. Oníjígí gbé orí rẹ̀ mọ́ àyà. Ó sọ fún un pé àwọn ọlọ́pàá kò ní mú Bàbá kankan, òun Ẹlẹ́rọ ni wọn yóò mú, inú ẹ̀wọ̀n ni yóò sì ti dàgbà. Ó ní òun ti rí ọkọ tí òun máa fẹ́, òun kò fẹ́ ẹni tó pààyàn. Ẹlẹ́rọ fi ìfẹ́ àwọn méjèèjì búra pé òun kò ní dé ìdí ilé náà lọ́la. Ó wù Oníjígí kó gbà á gbọ́. Ó gbà á gbọ́ nítorí pé ó wù ú.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀sán ò tíì pọ́n tán nígbà tí Àǹtí Káńtà sáré wọlé pẹ̀lú ìbòrí lọ́wọ́. Ó ní kí gbogbo ayé wá wo ìran, Bàbá Òrùlé ti gbé Onílé sókè níwájú àwọn àlejò rẹ̀, bí ẹni gbé ajá. Ó ṣì ń ròyìn lọ nígbà tó rí i pé káńtà ti ṣófo.

Òpópó tó lọ síbẹ̀ kún fọ́fọ́. Gbogbo ojú wà lókè. Àwọn kan ń yọ̀. "Ẹ jù ú sílẹ̀, Bàbá," ni wọ́n ń wí, bí ẹni ń bẹ olówó kó sọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀bùn kálẹ̀. Oníjígí gba àárín wọn kọjá. Lífìtì tuntun kò ṣiṣẹ́, ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n tún ṣe ti dá a dúró. Ó gba àtẹ̀gùn. Nígbà tó dé òkè pátápátá, ó ṣí ilẹ̀kùn òrùlé.

Onílé, àgbàlagbà kan tó sanra, dúró sí bèbè òrùlé, gìgísẹ̀ rẹ̀ ti kúrò lórí símẹ́ńtì. Ohun kan ṣoṣo tó mú un dúró láyé ni ọwọ́ Ẹlẹ́rọ tó di ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ mú. Ẹlẹ́rọ yíjú. Lápá ọ̀tún, jígí dúdú. Lápá òsì, níbi tí jígí ti já, ojú Elétí gan-an ni, ó pọ́n, omi sì ń bọ́ lára rẹ̀.

"Ọmọ, padà sílẹ̀," ni ohùn kan wí láti ẹnu rẹ̀. Kì í ṣe ohùn rẹ̀. Ti àgbàlagbà ni, ó falẹ̀, ó wúwo.

Orúnkún Oníjígí kanlẹ̀ kó tó mọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ẹ ṣàánú mi. Ẹ má fi ọwọ́ ọkọ mi pààyàn."

Bó ṣe ń bẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni èjìká náà ń fẹ̀. Ó wí "ẹ" kan, ẹ̀yìn ọkùnrin náà nà sí i. Ó tún wí òmíràn, Onílé sún mọ́ ìta díẹ̀ sí i, ó ké. Láti ìsàlẹ̀, ariwo Bàbá, Bàbá ń gòkè wá bí èéfín. Ojú òsì náà ń lọ, ó ń kú lọ bí iná tí epo ń tán nínú rẹ̀.

Oníjígí gé ẹ̀bẹ̀ sí méjì. Ó wo ojú méjèèjì, ó yé e. Kò sí ẹni tó ń bọ́ awọ yìí yó bí kò ṣe àwọn tó ń pè é ní ẹ̀yin. Gbogbo wọn ló ń bọ́ ọ, òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un lóúnjẹ lórí ìkúnlẹ̀.

Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù.

"Ìwọ," ló wí. Ó wí i bí ẹni tó fẹ́ bú àgbà lójú gbogbo ẹbí. "Ìwọ awọ yìí ni mò ń bá wí. Ta lò ń pè lọ́mọ? Èmi ni mo lọ ojú tí o fi ń wòran, lórí òkúta, ní ìdí káńtà. Àná òde yìí ni wọ́n gé ọ. Ẹ̀gbọ́n ẹ ni mí. Ọlọ́run tó dá ayé, ìwọ là ń pè é. Ta ni ọ́ tó o fi máa jẹ́ ẹ̀yin?"

Ohùn náà wí pé aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni, àmọ́ ó ti fẹ́lẹ́ díẹ̀.

"Mi ò bá ẹ sọ̀rọ̀ mọ́," ni Oníjígí wí. Ó yíjú sí ojú òsì. "Elétí, ìwọ ni mo fẹ́ gbọ́. Pè é ní ìwọ."

Ojú òsì ṣẹ́. Ohùn Ẹlẹ́rọ jáde, ó kéré, bí ohùn ọmọdé. "Mi ò lè ṣe é. Màmá kọ́ mi pé mi ò gbọdọ̀ pe àgbà ní ìwọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Oníjígí lọ́kàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Màmá kọ́ ẹ dáadáa. Àmọ́ épírọ́ọ̀nù ẹ nìyí, Elétí. Ìwọ lo fi sísọ́ọ̀sì gé e. Àbúrò ẹ ni. Ṣé àbúrò lo fẹ́ máa dọ̀bálẹ̀ fún?"

Ọrùn Ẹlẹ́rọ le, ẹnu rẹ̀ ṣí, ó padé. Ìsàlẹ̀ ń pariwo. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ńṣe ló dà bí ẹni tó sọ ẹrù tó fẹ́ pa á kalẹ̀.

"Ìwọ," ló wí. "Bọ́ kúrò lójú mi."

Ó fi ọwọ́ òsì já awọ náà kúrò, awọ ọ̀hún sì bọ́ sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Agbára tí kì í ṣe tirẹ̀ bá a lọ. Lójijì, Onílé wúwo bí Onílé ṣe wúwo, apá Ẹlẹ́rọ sì di apá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oṣù. Ẹ̀wù bẹ̀rẹ̀ sí í fàya. Ẹlẹ́rọ pàápàá ti fẹ́ bá a ṣubú. Oníjígí ti dé ẹ̀yìn rẹ̀, ó di bẹ́líìtì rẹ̀ mú, ó jókòó sílẹ̀ gbì. Ẹlẹ́rọ ti ẹsẹ̀ mọ́ páìpù tó wà ní bèbè, bí wọ́n ṣe máa ń tì í mọ́ ògiri nínú kòtò lífìtì, ó ké, ó fà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wó lu ara wọn lórí símẹ́ńtì.

Onílé ń mí bí ẹṣin. Ó ń wárìrì, ó ń sọ fún Ẹlẹ́rọ pé ẹ ṣeun sà, ẹ jọ̀ọ́ sà.

"Mo kéré sí yín," ni Ẹlẹ́rọ dá a lóhùn. "Màmá mi lẹ jẹ ní ẹ jọ̀ọ́."

Àgbàlagbà náà gbé ojú sílẹ̀.

Oníjígí he awọ náà, ó kì í bọ inú àpò ọwọ́ rẹ̀, ó fa síìpù. Wọ́n kọrí sí àtẹ̀gùn. Ní àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, Ẹlẹ́rọ dúró. Ó wo ìsàlẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ lẹ̀ mọ́ ògiri.

"Ẹ̀rù ń bà mí," ló wí, pẹ̀lú ìyàlẹ́nu. "Ojú Mi, ẹ̀rù ń bà mí gan-an."

Kò sí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí Oníjígí gbọ́ rí tó dùn tó èyí. Ó ní kò burú, kó di ọwọ́ òun mú, kó má wo ìsàlẹ̀, kó máa wo ẹ̀yìn orí òun.

"Ẹ ṣeun, mà."

"Ta ni mà?"

Ẹlẹ́rọ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìka ọwọ́ rẹ̀ tutù nínú tirẹ̀. Wọ́n ń sọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Níta, àwọn èèyàn ṣì ń pe Bàbá, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó yọjú. Nínú àpò tó wà lábẹ́ apá Oníjígí, nǹkan kan wúkọ́ jẹ́jẹ́, bí àgbà tó fẹ́ sọ̀rọ̀.

Oníjígí kò dá a lóhùn. Ó fún àpò náà mọ́ ìhà, ó sì ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀ lọ.